Àyẹ̀wò Ìfúnpá Lọ́jà: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ọ̀rọ̀ Ọkàn Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Obìnrin

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ̀yin olórí àsàlátù, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tí ara yín ṣì le, ẹ̀yin ni a kọ orí yìí fún. Ohun tí ẹ máa rí níbí ni bí ẹ ṣe lè yẹ ìfúnpá àwọn obìnrin ọjà kan wò láàárín òwúrọ̀ kan, kí ẹ bá wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọkàn wọn, kí ẹ sì rí i pé ẹni tí tirẹ̀ kò dára dé ọ̀dọ̀ dókítà. Apá ìkẹyìn yẹn ló nira jù. Wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n pín fìlà, tí obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 190 sì padà sídìí àtẹ rẹ̀ láìmọ ohun tó kàn. Ẹ má ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Káàkiri àgbáyé, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa obìnrin jù lọ. Nínú obìnrin mẹ́ta tó bá kú, ọwọ́ wọn ni bí ẹnì kan kú sí. Síbẹ̀, tí ẹ bá béèrè lọ́jà pé àrùn wo ni obìnrin gbọ́dọ̀ sá fún, jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n máa dárúkọ. Àrùn ọkàn, ti ọkùnrin olówó tó níkùn ni lójú wọn. Ẹ bi ìyá kan léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò kẹ́yìn. Ó lè ní, "Nígbà tí mo fi lóyún àbígbẹ̀yìn mi," bẹ́ẹ̀ àbígbẹ̀yìn ọ̀hún ti fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá yìí kan náà ló ń rán ọkọ rẹ̀ létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ máa rán wọn lọ

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọjà náà jù. Ẹ bá nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, iye tí wọ́n ń gba káàdì, àti bóyá oògùn wà ńlẹ̀ tàbí ìta ni aláìsàn á ti lọ rà á. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ilé ìwòsàn ńlá wo ni wọ́n ń gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ. Tí ó bá ṣeé ṣe, kí ó yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan fún yín lọ́jọ́ náà. Tí obìnrin bá ti mọ ojú nọ́ọ̀sì kan lọ́jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wúwo mọ́ láti lọ bá a ní ilé ìwòsàn.

Ẹ wá awakọ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ máa dúró sítòsí títí ètò á fi parí, kí ẹ sì ti san owó epo rẹ̀ sílẹ̀. Ní Èkó, ẹ lè pe 112 tàbí 767 fún pàjáwìrì, ṣùgbọ́n níbi gbogbo, ọkọ̀ tó wà ńlẹ̀ ló dájú jù. Ẹ má yẹ ẹnikẹ́ni wò tí ẹ kò bá tíì mọ ibi tí ẹ máa gbé e lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ kí ìyálọ́jà. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹ kò ta oògùn, ẹ kò sì bá olóṣèlú kankan wá. Kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó fún àyẹ̀wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá ti rí ìyálọ́jà lórí àga, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ẹ má mú ọjọ́ ọjà, torí kò sí ẹni tó máa fi oníbàárà sílẹ̀ nítorí yín. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Tí ẹ bá fẹ́ olùrànlọ́wọ́, oṣù Karùn-ún máa ń rọrùn, torí láti ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ ọ́ di oṣù àyẹ̀wò ìfúnpá káàkiri ayé. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án sì ni Ọjọ́ Ọkàn Lágbàáyé.

Àwọn ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ̀rọ ìfúnpá oníbátìrì méjì, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá lókè ìgúnpá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, torí ó máa ń tètè ṣìnà.
Bátìrì tuntun, àti òmíràn nípamọ́. Tí bátìrì bá ti ń kú lọ, ẹ̀rọ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.
Aṣọ ìdìpá oríṣi méjì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ti àárín àti ńlá.
Téèpù télọ̀.
Àga mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní ẹ̀yìn, tábìlì, àti àpótí kékeré fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kanlẹ̀.
Aṣọ ìkélé, kí wọ́n má baà máa wo ẹni tó bọ́ apá bùbá.
Káàdì pélébé fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tó máa wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.
Iyọ̀, ṣíbí tíì kan, àti magí mélòó kan. Ẹ máa rí iṣẹ́ tí wọ́n wà fún.
Omi mímu.

Ọ̀rọ̀ téèpù àti aṣọ ìdìpá yẹn, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Apá ọ̀pọ̀ ìyá ọjà nípọn. Tí ẹ bá fi aṣọ kékeré di apá ńlá, ohun tí ẹ̀rọ á kà máa ga ju bó ṣe rí lọ, ẹ ó sì dẹ́rù ba ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ẹ fi téèpù wọn yíká apá ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá. Aṣọ ti àárín sábà máa ń bá apá tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 mu. Tó bá ju 32 lọ, ńlá ni kí ẹ lò. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n yìí sára aṣọ náà, ẹ kà á.

Ní ti ènìyàn, ẹ nílò ẹni méjì tó mọ ẹ̀rọ lò, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera, ẹni kan tó ń kọ̀wé, àti ẹni kan tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá ọ̀dọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí á máa bá àwọn obìnrin jókòó ti ọjà wọn nígbà tí wọ́n bá wá. Àwọn tó ń ṣètò sábà máa ń gbàgbé àwọn ọ̀dọ́ yìí, àìsí wọn ló sì ń mú kí àga ṣófo.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí tí a bá kánjú. Ìyá oníṣu kan sáré dé láti ìdí iṣu rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn lórí owó àjọ. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro. Wọ́n ká apá bùbá rẹ̀ sókè títí ó fi fún un lápá, wọ́n di ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀rọ kà á sí 162/98.

Ẹ jẹ́ kí ìyá kan náà kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí ìdajì wákàtí sì kọjá lẹ́yìn obì tó jẹ. Kó jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kó faratì í, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ tàbí kó gbé wọn lé àpótí, kó má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Lẹ́yìn ìkélé, kó yọ apá kúrò nínú bùbá, kó fi ìró bo àyà. Ẹ ká gèlè rẹ̀ sí abẹ́ ìgúnpá rẹ̀ lórí tábìlì títí apá náà fi wà ní ìwọ̀n àyà. Apá tó bá sọ̀ sílẹ̀ máa ń mú iye gòkè. Ẹ di aṣọ náà mọ́ ara lásán, kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì ga ju ìkóríta apá lọ. Kó wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́. Ẹ̀rọ kà 144/88. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ tún un ṣe: 140/86. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 142/87 ni ẹ máa kọ sílẹ̀. Ó ṣì ga, ó yẹ kó rí nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí èyí tí ẹ bá fi dẹ́rù bà á.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, tó mu kọfí tàbí tó fa sìgá, ẹ jẹ́ kó tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yẹ apá méjèèjì, kí ẹ sì máa lo èyí tó ga jù. Tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú fún obìnrin kan, ẹ má di apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú iye tí ẹ rí

Tí iye òkè kò bá tó 120, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì tó 80, ẹ kí i kú oríire, ẹ ní kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Láti 120 sí 139 lókè, tàbí 80 sí 89 nísàlẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ìrìn rínrìn, kó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín oṣù mẹ́ta.

Tó bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló ga, ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ tó máa lọ sórí káàdì rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé, "Ẹ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Àyẹ̀wò ọjọ́ kan kì í tó láti sọ ìyẹn, ọjọ́ mìíràn ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ lè sọ pé, "Màmá, ó ga díẹ̀ lónìí. A fẹ́ kí nọ́ọ̀sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni á bá yín lọ?" Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn.

Tó bá jẹ́ 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Tí kò bá wálẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó rí dókítà, kódà bí kò bá mọ ohunkóhun lára. Tí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn ńlá ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Aboyún àti ẹni tó bímọ láìpẹ́ ní òfin tiwọn. Tí ti aboyún bá dé 140/90, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Tó bá dé 160/110, pàjáwìrì ni. Orí fífọ́, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ìrora lókè ikùn, ojú àti ọwọ́ tó wú, gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí ewu tó lè mú gìrì wá. Ìbímọ kì í sì í parí ewu náà. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá wọn sọ

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ má gbé ìwé kà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ bu ṣíbí tíì kan, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ dà á sínú àwo funfun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 5, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ohun tí àgbàlagbà kan jẹ láàárín ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ kéré sí i, àti èyí tó wà nínú búrẹ́dì, àti èyí tó wà nínú magí. Ẹ wá ní kí ìyá kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iye tó máa ń sọ sínú ìkòkò ọbẹ̀, kó sì to magí tó máa ń fi sí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìdajì ọ̀pọ̀ magí ló jẹ́ iyọ̀. Wọ́n á fi ojú ara wọn rí i. Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra nínú ara, omi yẹn á mú kí ẹ̀jẹ̀ inú iṣan pọ̀, ọkàn á sì máa fi agbára tì í tọ̀sántòru. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ ọbẹ̀ tó dùn. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti efinrin lè gba ipò magí díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu á fi mọ́ ọn.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. "Orí kì í fọ́ mi" kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dá. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ewu ọkàn obìnrin máa ń pọ̀ sí i, nítorí náà kí àwọn ìyá tó ti kọjá ọmọ bíbí má rò pé àyẹ̀wò ti parí fún wọn.

Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga nígbà oyún. Ẹ ní kí wọ́n má dáhùn níta gbangba, kí wọ́n sọ ọ́ létí nọ́ọ̀sì. Obìnrin tó ní irú oyún bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu àrùn ọkàn bí ìlọ́po méjì ẹni tí kò ní in, ọ̀pọ̀ ni kò sì sí ẹni tó sọ fún rí. Ẹ fi ti ìyá ọmọ tuntun kún un. Tí kò bá lè sùn gbalaja láìjẹ́ pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó ń wú ikọ́ lóru, àwọn ará ilé lè ní wàhálà ọmọ ló rẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ń rẹ̀ sílẹ̀. Àìsàn yìí máa ń yọjú láti oṣù ìkẹyìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an ní apá Àríwá Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà.

Ẹ wá kọ́ wọn ní àmì ìgbà tí àrùn ọkàn bá dá ènìyàn gúnlẹ̀ lójijì. Àyà tó ń dun ènìyàn tàbí tó fún pinpin ló wọ́pọ̀ jù, lára obìnrin àti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n lára obìnrin, ó tún lè jẹ́ èémí tó ń sá, èébì, òógùn tútù, ìrora ní àgbọ̀n, ọrùn tàbí ẹ̀yìn, tàbí àárẹ̀ tí kò rí irú rẹ̀ rí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọgbẹ́ inú, tí wọ́n ń lo oògùn inú sí i. Àwọn mìíràn ń pè é ní ibà, àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn, kódà kí ó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má fi oògùn sábẹ́ ahọ́n ẹni tí tirẹ̀ ga kí ó baà lè tètè wálẹ̀. Tí ìfúnpá bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọpọlọ tó, rọpá-rọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ má bú àgbo. Ẹni tí ẹ bá bú àgbo rẹ̀ kò ní sọ fún yín mọ́ pé òun ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí nọ́ọ̀sì mọ̀. Àwọn bàbá wa mọ asofẹ́yẹjẹ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, òótọ́ sì ni pé ó ní èròjà reserpine tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan, tí obìnrin bá sì mu ún mọ́ oògùn ilé ìwòsàn, ìfúnpá rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ rọra béèrè nípa oògùn ara ríro, torí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń rẹrù ni ibuprofen tàbí diclofenac ti di oúnjẹ fún. Oògùn wọ̀nyí máa ń mú ìfúnpá gòkè. Bákan náà ni oògùn ìsanra tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, àti àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni dá ti ìfètòsọ́mọbíbí dúró fúnra rẹ̀. Kó lọ bá nọ́ọ̀sì pààrọ̀ rẹ̀. Ti ìsanra náà, tó bá ti pẹ́ tó ti ń lò ó, dókítà ni kó bá a dín in kù, torí ewu wà nínú kí ó jáwọ́ lójijì.

Ẹ má pe iye ẹnikẹ́ni sókè. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pariwo "Igba! Igba lé mẹ́wàá!" láàárín ọjà, obìnrin náà sì fi ìtìjú dìde, ó lọ, kò sì padà. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, kí ẹ fi hàn án. Ọkọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, àfi tí òun bá ní kí ẹ sọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Lọ́jọ́ kejì, ẹ jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ fa orúkọ gbogbo ẹni tó dé 140/90 yọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹnì kan pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé wọ́n lọ? Kí ni wọ́n sọ? Ṣé wọ́n rí oògùn rà? Owó ni yóò dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ẹgbẹ́ tó ń dá àjọ lè ya owó kékeré sọ́tọ̀ fún oògùn, kí ẹni tí ọjà kò bá wọ̀ fún lóṣù kan lè yá a, kí oògùn rẹ̀ má baà já. Ọ̀pọ̀ ló ń dá oògùn dúró nígbà tí ìfúnpá bá ti wálẹ̀, torí wọ́n rò pé àìsàn ti lọ. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Tí wọ́n bá dá a dúró, yóò tún gòkè. Ẹ wá obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tó ti ń lo tirẹ̀ déédéé, tí kò sì tijú láti sọ ọ́, kó máa bá ẹni tuntun rìn.

Ẹ mú ọjọ́ àyẹ̀wò kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, kí ẹ tó túká lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn tí tiwọn ga ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá wá, ẹ lọ bá a nídìí àtẹ rẹ̀, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró kí oníbàárà rẹ̀ lọ kí ẹ tó dárúkọ ìfúnpá.